Irin 7 ti ta ni? Àgbéyẹ̀wò irin Ping G430 àti bí loft ṣe yí padà

Ẹ gbé PW (pitching wedge) inú ọ̀wọ́ irin gọ́ọ̀fù Ping G430 sáàárín irin 8 àti irin 9 ti Titleist 620 MB, kí ẹ wọn bí ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe fẹ̀yìn tó, ìyẹn loft wọn. Irin 8 ti Titleist jẹ́ dígírì 39, irin 9 rẹ̀ jẹ́ 43. PW ti Ping, tí ó yẹ kó tẹ̀lé irin 9, dígírì 41 ni. Àárín gbùngbùn àwọn méjèèjì ló bọ́ sí. Bákan náà ni irin 7 ti Ping, dígírì 29, ṣe bọ́ sáàárín irin 5 ti Titleist, dígírì 27, àti irin 6 rẹ̀, dígírì 31. Kì í sì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ayé àtijọ́: 2019 ni 620 MB jáde, G430 jáde ní 2023. Bí ẹni méjì bá dúró lórí par 3 kan náà (ihò tó yẹ kí a fi gbígbá mẹ́ta parí), tí ọ̀kan mú irin 7 tí èkejì mú irin 5, ó ṣeé ṣe kí ojú irin ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìdí nìyí tí àgbéyẹ̀wò G430 kò fi lè pé láìsọ̀rọ̀ loft. Èrò wa ni pé irin yìí dára gan-an láti orí irin 6 títí dé wedge (irin kúkúrú tí ojú rẹ̀ fẹ̀yìn jù) onídígírì 50, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá púpọ̀, tó sì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù ròkè láìlàágùn. Ṣùgbọ́n irin 4 rẹ̀ kò yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ra 4 sí PW nìkan, tó ní òun ti ra ọ̀wọ́ irin tó pé, ti ra àpò tó ní ihò ńlá nísàlẹ̀.

Loft ni ìdagun ojú irin: bí ojú tó ń gbá bọ́ọ̀lù ṣe fẹ̀yìn tó nígbà tí ọ̀pá bá dúró ṣánṣán. Bó bá fẹ̀yìn púpọ̀, bọ́ọ̀lù á ròkè, á máa yí sẹ́yìn gan-an, kò ní jìnnà. Bó bá dúró sí i, bọ́ọ̀lù á lọ sísàlẹ̀ sí i, yíyí sẹ́yìn á dín kù, á sì jìnnà. Lẹ́nu àwọn onígọ́ọ̀fù, loft tó le ni èyí tí dígírì rẹ̀ kéré, èyí tó rọ̀ ni èyí tí dígírì rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú, torí wọ́n rò pé "le" túmọ̀ sí dígírì tó pọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni.

Nọ́ńbà ìdí irin kò fìgbà kan jẹ́ òṣùwọ̀n. Kí nọ́ńbà tó dé, orúkọ ni wọ́n ń pe irin: mashie, niblick, mashie niblick. Nígbà tí ọ̀pá onírin rọ́pò ti onígi (USGA, àjọ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 1924, R&A, àjọ irú rẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ yòókù, ní 1929), ó wá rọrùn láti ṣe ọ̀wọ́ irin tí gbogbo rẹ̀ bára mu, nọ́ńbà sì gbapò orúkọ. Ìtòtẹ̀léra lásán ló ń sọ. Táíwò àti Kẹ́hìndé sọ ẹni tó kọ́kọ́ wá sáyé, kò sọ bí wọ́n ṣe ga tó. Títí di òní, kò sí òfin R&A tàbí ti USGA tó ní irin 7 gbọ́dọ̀ jẹ́ dígírì báyìí. Òfin ka iye ọ̀pá, kò ju 14 lọ nínú àpò kan. Ó wo àwọn ìlà tín-tìn-tín tí wọ́n gbẹ́ sójú irin. Ó wo bí ojú irin ṣe ń ta bọ́ọ̀lù padà. Ohun tí ẹni tó ṣe é bá kọ sídìí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí.

Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, irin 7 máa ń wà ní nǹkan bí dígírì 40, PW ní bí 52. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, irin 7 ti bọ́ sí bí 36, PW sí bí 48. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn irin tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀: 620 MB jẹ́ 35 àti 47, Titleist T100 jẹ́ 34 àti 46. Àwọn tí wọ́n ṣe láti ran ènìyàn lọ́wọ́ ló sá lọ: TaylorMade P790 ní 30.5 àti 45, SIM Max ní 28.5 àti 43.5, Callaway Mavrik ní 27 àti 41. Ní ilé Ping fúnra rẹ̀, G425 tó ṣáájú jẹ́ 30 àti 44.5, G430 wá jẹ́ 29 àti 41. Ẹ wò ó dáadáa: irin 7 sún dígírì kan péré, PW sún mẹ́ta àbọ̀. Ìsàlẹ̀ àpò ni àyípadà tó tóbi jù wà, ibẹ̀ ni kò sì sẹ́ni tó ń wò nígbà tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹlòmíràn á ní ìtànjẹ ni gbogbo rẹ̀, pé wọ́n kàn kọ 7 sára irin 5 kí ọjà lè tà. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá gbá irin 7 tuntun ní ṣọ́ọ̀bù tó sì rí i pé ó fi yáàdì 15 jìnnà ju tirẹ̀ lọ, owó á tètè jáde lápò rẹ̀, àwọn tó ń ta ọjà sì mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìdajì tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Karsten Solheim, tó dá Ping sílẹ̀ ní 1959, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé bí a bá kó ìwúwo orí irin lọ sí etí rẹ̀, ojú irin kò ní tètè lọ́ nígbà tí a kò bá gbá bọ́ọ̀lù láàárín. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ̀yìn irin sí i, wọ́n ń rí ìwúwo kó lọ sísàlẹ̀. Ibi tí ìwúwo bá rẹlẹ̀ sí ju àárín bọ́ọ̀lù lọ, bọ́ọ̀lù á máa ròkè. Ojú irin tó fẹ́lẹ́ máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó ta bọ́ọ̀lù, ìyẹn náà fi kún bó ṣe ń yára àti bó ṣe ń ròkè. Bí wọ́n bá wá fi dígírì 35 sí orí irú irin bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù á kàn ga lójú ọ̀run ni, kò ní lọ síbì kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú loft le, kí bọ́ọ̀lù lè gba ọ̀nà tó gbà tẹ́lẹ̀, kó sì jìnnà sí i. Wọ́n tún fi díẹ̀ kún gígùn ọ̀pá: irin 7 tó máa ń jẹ́ bí íńṣì 36.5 ti di bí 37.

Ohun tí kò tẹ̀lé loft dọ́gbadọ́gba ni yíyí sẹ́yìn. Ìwúwo tó rẹlẹ̀ lè gbé bọ́ọ̀lù sókè, kò lè mú un yí bí dígírì 35 ṣe ń mú un yí. Ibí yìí ni irin loft líle ti ń yege tàbí tó ti ń kùnà, ibẹ̀ náà la sì ti ń dán G430 wò.

Orí irin G430 kì í ṣe èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ. Wọ́n yọ́ ọ ni, wọ́n sì dà á sí mọ́ọ̀dù, irin aláìdípẹtà tí wọ́n ń pè ní Hyper 17-4, tó le ju èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ irin lọ, kí ojú rẹ̀ lè fẹ́lẹ́. Wọ́n fi kinní kan tí wọ́n ń pè ní PurFlex sí ẹ̀yìn ojú náà, tó ń dín ariwo kù láìdí ojú irin lọ́wọ́ láti tẹ̀. Loft rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀: irin 4 jẹ́ 19, irin 5 jẹ́ 22, irin 6 jẹ́ 25.5, irin 7 jẹ́ 29, irin 8 jẹ́ 33, irin 9 jẹ́ 37, PW jẹ́ 41. Lẹ́yìn náà ni wedge 45.5, 50, 54 àti 58, tí Ping fi iye dígírì pè dípò lẹ́tà. Èyí wù wá. Ẹni tó bá mú wedge 50 dání mọ ohun tó mú. Ẹni tó bá mú AW tàbí GW, lẹ́tà tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń lò, gbọ́dọ̀ lọ wádìí, torí AW ti Mavrik jẹ́ 46 nígbà tí AW ti SIM Max jẹ́ 49.

Ọ̀pá onírin tó ń bá a wá ni AWT 2.0. Wọ́n mú ọ̀pá irin gígùn fúyẹ́, wọ́n sì mú ti irin kúkúrú wúwo sí i, kí irin gígùn lè yára, kí irin kúkúrú sì gbọ́ràn. Ti oníkábọ́ọ̀nù ni Alta CB Black. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, tó ń mú AWT onílẹ́tà S torí pé orúkọ "stiff" (líle) wù ú, ń ba iṣẹ́ tí orí irin ń ṣe jẹ́, nítorí ọ̀pá tó le jù á mú bọ́ọ̀lù lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù ròkè ni gbogbo ìdí tí wọ́n fi ṣe irin yìí.

Ẹ má fi jíjìn dá irin yìí lẹ́jọ́. Gbogbo irin 7 onídígírì 29 ló ń jìnnà. Igun tí bọ́ọ̀lù fi ń já bọ́ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe fitting (yíyan irin tó bá yín mu) fún yín. Ẹ̀rọ launch monitor, tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò, máa ń gbé e jáde. Nínú ìwọ̀n àtijọ́ tó lókìkí jù ti TrackMan, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, àwọn ọkùnrin PGA Tour tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe ń ju irin 7 (bí wọ́n ṣe ń fì í láti gbá bọ́ọ̀lù) ní máìlì 90 ní wákàtí kan, bọ́ọ̀lù ń yí ní 7,097 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń fò ní yáàdì 172, ó sì ń já bọ́ ní dígírì 50. Àwọn obìnrin LPGA, ẹgbẹ́ wọn ti obìnrin, ń ju irin 7 ní máìlì 76, ó ń yí ní 6,699, ó ń fò ní yáàdì 141, ó sì ń já bọ́ ní dígírì 47. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní òpin ọ̀sẹ̀ sún mọ́ àwọn obìnrin LPGA ju àwọn ọkùnrin PGA lọ, ti LPGA sì ni kí wọ́n fi wé tiwọn.

Òfin àtẹnudẹ́nu kan wà pé kí a fi 1,000 sọ nọ́ńbà irin di púpọ̀ láti mọ bó ṣe yẹ kí bọ́ọ̀lù yí: irin 7, 7,000. Ẹ fi òfin yẹn sílẹ̀ bí ẹ bá mú G430 dání. Loft irin 5 àná ni irin 7 yìí ní, yíyí rẹ̀ kò sì ní dé 7,000 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbá a dáadáa. Dígírì 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ máa wá nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń já bọ́. Bó bá wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù á dúró lórí gríìnì (ibi tí ihò wà) bí yíyí rẹ̀ tilẹ̀ kéré, torí ó ti òkè bọ̀ ni. Bó bá jẹ́ 40, yáàdì tí ẹ jèrè lójú ọ̀run, ẹ̀yìn gríìnì ni ẹ ó ti lọ ná an. Èyí ṣe pàtàkì sí i nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ilẹ̀ bá le, àti lórí àwọn pápá ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣì ń fi iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ òróró ṣe brown dípò gríìnì: bọ́ọ̀lù tó bá rẹlẹ̀ wọlé síbẹ̀, kì í dúró.

Lọ́wọ́ ẹni tó ń ju irin 7 ní máìlì 75 sí 80, irin 7, 8 àti 9 ti G430 ló sábà máa ń yege ìdánwò yìí. Wọ́n ga, wọ́n sì ń dúró. Irin 6 yege fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Láti irin 5 lọ sókè ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, irin 4 onídígírì 19 sì ni wàhálà náà gan-an. Kó tó lè ròkè, ọwọ́ gbọ́dọ̀ yá dáadáa. Bí ọwọ́ kò bá yá, bọ́ọ̀lù á fò ní ìwọ̀nba tí ti irin 5 ń fò, nígbà míràn kó má tilẹ̀ tó o. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ rọrùn. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá pẹ̀lú irin 6, mẹ́wàá pẹ̀lú irin 5, lórí koríko bó bá ṣeé ṣe, torí ẹní orí range (ibi ìdánrawò) máa ń bo àṣìṣe ẹni tó gbá ilẹ̀ ṣáájú bọ́ọ̀lù. Ẹ yọ méjì tó jìnnà jù àti méjì tó kúrú jù, kí ẹ wo ibi tí àwọn mẹ́fà tó kù fò dé kí wọ́n tó kanlẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n yí dé. Bí ìyàtọ̀ irin 5 sí irin 6 kò bá tó yáàdì 8, irin 5 kò ní iṣẹ́ kankan nínú àpò yín. Irin 4 kò tilẹ̀ nílò ìdánwò mọ́ nígbà náà.

Ẹni tó bá yọ irin gígùn á fi hybrid (ọ̀pá tó wà láàárín irin àti igi) dí àyè rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìdẹkùn kan wà tí àwọn tó ń ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń kó sí lójoojúmọ́. Hybrid 4 ti G430 jẹ́ dígírì 22. Irin 4 ti G430 jẹ́ 19. Ẹ rí i pé hybrid 4 kò rọ́pò irin 4: irin 5 ló bá ṣe déédéé. Hybrid 5 jẹ́ 26, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irin 6. Hybrid 3 onídígírì 19 ló bá irin 4 dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tí irin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6, hybrid 3 àti 4 ló yẹ kó rà. Bó bá ra 4 àti 5 nítorí pé nọ́ńbà wọn dùn ún tò, á ní hybrid 5 àti irin 6 tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ní ní nǹkan kan tó máa kún àárín hybrid rẹ̀ àti igi 3 (ọ̀pá olórí ńlá tí wọ́n ń pè ní 3-wood). Hybrid tún gùn ju irin olóókan loft rẹ̀ lọ, ó sì máa ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà sí i díẹ̀, ẹ fi yáàdì bíi mélòó kan sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ní ìsàlẹ̀ àpò, ìṣirò náà tún korò sí i. Ẹni tí àpò àtijọ́ rẹ̀ ní PW 48 àti sand wedge 56, dígírì 8 ló wà láàárín wọn, ó sì lè máa fi ọwọ́ kúkúrú dí i. Ẹni kan náà bá ra G430 láti 5 sí PW, ó sì tọ́jú sand wedge rẹ̀. Báyìí, PW 41 ló tẹ̀lé pẹ̀lú 56: dígírì 15. Bí PW rẹ̀ bá ń fò ní yáàdì 120, sand wedge rẹ̀ lè máà ju 80 lọ. Yáàdì 40 kò ní ọ̀pá. Á máa fún PW lọ́rùn láti gbá a ní ìdajì ọwọ́, á sì máa sọ pé irin tuntun náà kò dára.

Ping kò gbàgbé èyí nígbà tí wọ́n ṣe ọ̀wọ́ irin yìí. Láti 41 sí 45.5, sí 50, sí 54, sí 58, àlàfo kankan kò ju dígírì mẹ́rin àbọ̀ lọ. Ti Mavrik tí PW rẹ̀ jẹ́ 41 bákan náà lọ sí 46, 51, 56. Dígírì márùn-ún márùn-ún, ìyẹn náà ṣeé gbà, ṣùgbọ́n ti Ping mọ́ra jù. Ohun tó kù ni pé kí ẹ rà á. Wedge 45.5 kì í ṣe àfikún, irin 10 ni. Ẹ kà á mọ́ iye irin tí ẹ ń san owó rẹ̀, nítorí pé ọ̀wọ́ tí ẹnìkan ń tà ní "5 sí PW" pẹ̀lú owó tó dà bíi pé kò wọ́n, kò tíì dé ibi tí PW bàbá yín máa ń parí sí.

Àpò tí a ó tò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n máìlì 75 sí 80 rèé: driver, igi 3, hybrid 3 àti 4, irin 6, 7, 8, 9, PW, wedge 45.5, 50, 54, 58, àti putter. Ọ̀pá 14 gééré. Ẹni tí irin 5 rẹ̀ yege ìdánwò òkè yìí lè mú un, kó yọ hybrid 4, torí loft kan náà ni wọ́n. Kó má ṣe yọ 45.5.

Ping gbà kí ẹ yí loft padà nígbà tí ẹ bá ń ṣètò irin yín. Ètò méjì ni wọ́n ní yàtọ̀ sí ti gbogbogbòò: Power Spec tó mú loft le sí i, àti Retro Spec tó mú un rọ̀. Èrò wa ni pé Power Spec kò yẹ ẹnikẹ́ni tí igun já-bọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò tíì kọjá 47 pẹ̀lú ètò gbogbogbòò. Retro Spec ni kí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀ béèrè, tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú orí irin gan-an nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù, nítorí pé ìyẹn nìkan ti mú dígírì kúrò lójú irin kó tó di pé Ping mú tirẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tàbí fitter tó ní irinṣẹ́ Ping ṣe é. Irin tí alágbẹ̀dẹ rọ máa ń gbà kí a tẹ ọrùn rẹ̀ ní dígírì kan tàbí méjì láìsí wàhálà. Irin 17-4 tí wọ́n yọ́ dà le, ọrùn rẹ̀ lè sán tàbí kó kán lọ́wọ́ ẹni tó ń fi agbára ṣe é. Títẹ̀ tún ní ohun mìíràn tó ń bá a rìn. Dígírì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá mú kúrò nínú loft, ẹ ti mú dígírì kan kúrò nínú bounce, ìyẹn bí àtẹ́lẹsẹ̀ irin ṣe ń gbé etí rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wedge 54 tí bounce rẹ̀ jẹ́ 12, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ di 52, bounce ti di 10, á sì tètè wọ iyanrìn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ di 56, bounce ti di 14, etí rẹ̀ á máa gbéra lórí ilẹ̀ líle, ẹ ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù níkùn. Títẹ loft le tún máa ń fi kún bí ojú irin ṣe fà sẹ́yìn ọ̀pá, èyí tó ń mú bọ́ọ̀lù lọ sí òsì fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún.

G440, tó rọ́pò rẹ̀, ti jáde láti 2025, nítorí náà G430 alòkù ti pọ̀ ní ọjà, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. A rí i pé òun ni ó dára jù láti rà báyìí, bí ẹ bá wo nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Ping kọ sára ọrùn irin: ẹ fi ránṣẹ́ sí Ping, wọ́n á sọ bí irin náà ṣe rí nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, loft, gígùn ọ̀pá àti gbogbo rẹ̀. Bó bá jáde ní Power Spec, ẹ mọ̀ kí ẹ tó san owó. Èkejì ni àmì aláwọ̀ tó wà lára irin, tó ń sọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀, ìyẹn lie: dúdú ni ti gbogbogbòò, àwọn àwọ̀ yòókù sì wà fún ẹni tó ga tàbí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ gbé gbogbo irin náà lọ sórí ẹ̀rọ tó ń wọn loft àti lie. Irin tuntun pàápàá lè fi bí dígírì kan yàtọ̀ sí ohun tí ìwé sọ. Bí irin 8 bá fi ọ̀kan le, tí irin 9 fi ọ̀kan rọ̀, àlàfo mẹ́rin ti di mẹ́fà. Bó bá jẹ́ òdìkejì, ó ti di méjì, ọ̀pá méjì á sì máa gbá bọ́ọ̀lù síbì kan náà láìjẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ń gbá a.

Ẹni tí G430 kò bá tọ́ sí, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ti ga tẹ́lẹ̀, kò ní láti kúrò nílé Ping. i230 jẹ́ 33 ní irin 7, 45 ní PW, 50 ní wedge tó tẹ̀lé e. Àwọn kan ń da méjèèjì pọ̀, G430 lókè, i230 nísàlẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fi G430 dé irin 7 onídígírì 29, irin tó tẹ̀lé e kì í ṣe irin 8 ti i230. Irin 7 ti i230, onídígírì 33, ni. Irin 7 méjì nínú àpò kan: ẹ fi pẹ́ńtì kun ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún kádì yín kí ẹ tó kúrò lórí tee àkọ́kọ́. Kádì tó ti ń ru àpò ní pápá kan fún ọdún púpọ̀ mọ yáàdì ibẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ, àmọ́ nọ́ńbà irin tó wà lọ́kàn rẹ̀ lè jẹ́ ti irin onídígírì 35. Bó bá ní "ẹ gbá 7", ẹ béèrè iye yáàdì tó rò kí ẹ tó fa ọ̀pá yọ.